Àpótí Tó Ń Ṣẹ́jú

Ọjọ́ Ajé kan ni, nínú oṣù kẹfà ọdún 2024, aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ kò tíì lù. Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Òkè-Fìà, mò ń fi àkàrà jẹ ẹ̀kọ nínú mọ́tò, ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí mo máa ń bá mójú tó kọ̀ǹpútà wọn bá pè mí. Ohùn ẹ̀ rẹlẹ̀ bí ẹni tó wà nínú mọ́ṣáláṣí. "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Kọ̀ǹpútà ń sọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí kò yé mi. Ó ní ká wá sanwó."

Mo ní owó kí ni. Ó ní dọ́là ni, àmọ́ Bitcoin ni wọ́n ní ká fi san án. Àkàrà kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́.

Bí mo ṣe dé ọ́fíìsì wọn tí kò jìnnà sí Ọláìyá, ohun tí mo ń bẹ̀rù náà ni mo bá. Excel tí wọ́n fi ń kọ owó ìfipamọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, lẹ́tà, fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó, títí kan fọ́tò ìpàdé ọdọọdún tí gbogbo wọn ti wọ ankárá kan náà, gbogbo ẹ̀ ló ti yí orúkọ padà, kò sì sí èyí tó ṣí. Fáìlì kan ṣoṣo ló ń ṣí nínú fódà kọ̀ọ̀kan, òun sì ni lẹ́tà tí àwọn olè fi sílẹ̀: a ti ti ẹrù yín pa, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wa, ẹ wá rà á, bẹ́ ẹ bá sì pẹ́ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, owó á lé sí i. Ransomware ni wọ́n ń pè é. Mo ti kà nípa ẹ̀, mo ti bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ bí ọ̀mọ̀ràn. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí màá fojú ara mi rí i lórí tábìlì ẹni tí mo mọ̀.

Bàbá Alága ti jókòó sórí àga oníke, wọ́n gbé fìlà wọn lé orúnkún. Wọn ò jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ tán kí wọ́n tó bèèrè. "Ṣebí a ra firewall?"

Wọ́n rà á. Firewall ni àpótí tó máa ń dúró láàárín íntánẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, bí ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n rà á.

Lọ́dún 2022 ni. Ilé iṣẹ́ kan láti Èkó rán èèyàn méjì wá, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, wọ́n wọ kóòtù nínú ooru oṣù kẹta. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri dání, wọ́n sì fi máàpù ayé hàn wá, tí ìlà pupa ń fò láti Rọ́ṣíà lọ sí Amẹ́ríkà, láti Ṣáínà lọ sí Bràsíìlì, bí ẹni ń yin bàǹgà lọ́dún Kérésì. Wọ́n ní gbogbo ìlà yẹn ni ogun tó ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìṣẹ́jú náà gan-an. Àwọn ìgbìmọ̀ lanu sílẹ̀. Àgbà kan bi wọ́n pé níbo ni Òṣogbo wà nínú máàpù náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Bàbá, ibi gbogbo ni o." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ẹgbẹ́ ra àpótí firewall pẹ̀lú ìwé àṣẹ ọdún kan, owó ẹ̀ sì ju iye tí gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì náà jẹ́ lápapọ̀ lọ: mẹ́fà, tòkúnbọ̀ ni gbogbo ẹ̀, tí wọ́n sọ ọ̀kan nínú wọn di server, ìyẹn èyí tí àwọn yòókù ti ń mú fáìlì, nítorí pé òun ni hard disk ẹ̀ tóbi jù.

Èmi náà jókòó síbẹ̀. Wọ́n pè mí wá gẹ́gẹ́ bí "ọmọ wa tó mọ kọ̀ǹpútà", mi ò sì la ẹnu. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà ò dáa o. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é lórúkọ káàkiri ayé, ohun tí wọ́n sì sọ pé ó ń ṣe náà ló ń ṣe. Ohun tí mi ò bèèrè ló ń dùn mí títí dòní: ta ló máa máa tọ́jú ẹ̀?

Lọ́jọ́ Ajé tí mò ń sọ yìí, mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì sí, mo tan iná fóònù, mo sì ń fi ìka tọ wáyà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Eruku ibẹ̀ tó ẹni tó fẹ́ gbin ẹ̀fọ́. Wáyà yẹ́lò kan jáde látinú router ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ó gba ẹ̀yìn àpótí firewall kọjá, ó wọ inú switch, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn kọ̀ǹpútà, lọ tààrà. Kò yà sọ́dọ̀ àpótí rárá. Àpótí náà ń ṣiṣẹ́ o. Iná àwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú lára ẹ̀, fáànù inú ẹ̀ ń kùn, ó gbóná bó ṣe yẹ kó gbóná. Kò sí ẹyọ nǹkan kan tó ń gba inú ẹ̀ kọjá.

Ìgbà tí mo wádìí ni mo tó gbọ́ bó ṣe jẹ́. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gbé e dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dí WhatsApp orí kọ̀ǹpútà, ó sì ti ojú ìwé báńkì kan mọ́ wọn lójú lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ san owó ẹ̀yáwó fáwọn ọmọ ẹgbẹ́. Password tí wọ́n lè fi wọ inú ẹ̀ lọ tún un ṣe, Èkó ló wà. Wọ́n pe Èkó. Èkó ní àwọn máa wá, àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi owó ọkọ̀ àti owó òtẹ́ẹ̀lì ránṣẹ́. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣe IT lọ́dọ̀ wọn nígbà náà, ọmọ Poly, ló bá yọ wáyà, ó gbé e gba ẹ̀yìn. WhatsApp padà dé. Gbogbo ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́ fún un. Mi ò bá a wí. Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà níbẹ̀ lọ́mọ ogún ọdún, ohun tí màá ṣe náà nìyẹn.

Ìwé àṣẹ àpótí náà sì ti kú tipẹ́. Dọ́là ni wọ́n fi ń ta á. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó náírà 500 ní báńkì; nígbà tí oṣù kejì ọdún 2024 máa fi parí, ó ti kọjá 1,500. Ẹ wá ṣe ìṣirò ẹ̀ fún ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì ló ń dáwó síbẹ̀ lóṣooṣù. Nígbà tí Èkó fi iye tuntun ránṣẹ́, Bàbá Alága kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ká ìwé náà, wọ́n sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Firewall tí ìwé àṣẹ ẹ̀ bá kú sábà máa ń ti ilẹ̀kùn tí o ti ní kó tì tẹ́lẹ̀, àmọ́ kò ní gbọ́ ìròyìn olè tuntun mọ́. Irú míì sì wà tó jẹ́ pé bí o kò bá san, á dákẹ́ pátápátá, íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì yín á sì bá a dákẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n ń tà á fún yín ló yẹ kí ẹ bèèrè irú èyí tó jẹ́, kì í ṣe ọjọ́ tó dákẹ́.

Kì í tilẹ̀ ṣe pé ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀ ni olè fi ráyè wọlé. Lọ́dún 2020, nígbà tí Kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé, wọ́n ṣí Remote Desktop, ohun tó ń jẹ́ kéèyàn lo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì láti ibòmíì, fún akáǹtáǹtì tó ń gbé ní Ẹdẹ, kó lè máa ṣiṣẹ́ látilé. Ojú ọ̀nà 3389 lórí router ni wọ́n ṣí, gbogbo ayé sì lè wá kan ilẹ̀kùn náà. Kòrónà lọ, ẹnikẹ́ni ò rántí tì í. Password ẹ̀ ni orúkọ ẹgbẹ́ àti ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀, méjèèjì sì wà lára bọ́ọ̀dù iwájú ọ́fíìsì. Nínú àkọsílẹ̀ Windows, nọ́ńbà 4625 ni ti ẹni tó gbìyànjú láti wọlé tí kò rí i wọ̀. 4624 ni ti ẹni tó wọlé. Mo ṣí i, mo bá 4625 tó tò bí ìjàlọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tọ̀sán tòru. Ó wá di òru Sátidé mọ́jú Sọ́ńdè, aago méjì kọjá díẹ̀: 4624 kan láti ìta. Ẹyọ kan péré. Gbogbo wa la mọ òwe ògiri àti aláǹgbá, n ò ní pa á.

Hard disk tí wọ́n rà fún backup, ìyẹn ẹ̀dà ìpamọ́, wà níbẹ̀. Ó so mọ́ server láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, wọn ò yọ ọ́ rí, nítorí náà àwọn olè tì í pa mọ́ ìyókù. Alhájà Akápò ló kó wa yọ. Ẹnu iṣẹ́ ìjọba ni Alhájà ti fẹ̀yìn tì, wọ́n lo ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún nídìí fáìlì, wọn ò sì gbà pé ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà wà níbì kankan. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kí wọ́n tó lọ kírun, wọ́n á ní kí akọ̀wé da ìwé owó sínú fláàṣì kan, wọ́n á so ó mọ́ tẹ̀sùbà wọn, wọ́n á jù ú sí báàgì, ó di ilé. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi gan-an sọ fún wọn rí pé ayé ti kọjá fláàṣì. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ohun tí mi ò bá lè gbé relé, mi ò gbà pé mo ní in."

Àmọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ burúkú yẹn, ìnáwó gbé wọn lọ sí Ìkìrun, wọn ò da nǹkan kan sínú fláàṣì. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wọn ti pé ọjọ́ mẹ́wàá. Rìsíìtì la fi tún ọjọ́ mẹ́wàá yẹn kọ. Ọjọ́ mẹ́rin la lò nídìí ẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń ké nídìí fèrèsé, Alhájà ń ka iye owó sókè, akọ̀wé ń tẹ̀ ẹ́. A ò fún olè ní kọ́bọ̀. Àmọ́ àwọn fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó àti lẹ́tà ọlọ́dún pípẹ́ bá wọn lọ, wọn ò padà wálé.

Ọ̀rọ̀ òfin náà jẹ yọ. Òfin ìdáàbòbò dátà tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 sọ pé bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, tó sì ṣeé ṣe kó pa àwọn tó ni dátà náà lára, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí láàárín wákàtí 72. Bàbá Alága ò fẹ́ gbọ́. Wọ́n ní ká fi ọ̀rọ̀ ilé sílé. Lọ́yà ẹgbẹ́ ló yí wọn lọ́kàn padà, a sì kọ̀wé lọ́jọ́ kẹta. Ìpàdé tí wọ́n ti sọ ọ́ fáwọn ọmọ ẹgbẹ́, mi ò lọ. Mo gbọ́ pé àwọn kan ní kí wọ́n ka owó àwọn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, bí ilé iṣẹ́ kan bá pè mí pé kí n wá bá wọn wo èyí tó dáa jù láti rà, n kì í dárúkọ ọjà kankan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi wọ́n: bí ọ́fíìsì yìí bá jóná lálẹ́ òní, kí lẹ máa kọ́kọ́ sunkún sí? Ìdáhùn wọn máa ń yà mí lẹ́nu. Ilé ìwé kan tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ní Òkè-Baálẹ̀, mo rò pé àkọsílẹ̀ owó ilé ìwé ni wọ́n máa sọ. Ọ̀gá ní rárá o, èsì ìdánwò ni. Òbí lè gbàgbé iye tó jẹ, àmọ́ kò ní gbàgbé ipò tọ́mọ ẹ̀ ṣe. Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Alékúwodò ní káàdì aláìsàn.

Ilé ìwòsàn yìí ló pè mí pé àwọn fẹ́ antivirus tó lágbára jù lọ lọ́jà. Mo débẹ̀, mo bá password lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ etí kọ̀ǹpútà, ẹyọ kan náà ni gbogbo nọ́ọ̀sì ń lò, àti tàárọ̀ àti talẹ́. Kọ̀ǹpútà márùn-ún ni wọ́n ní, mẹ́ta nínú ẹ̀ ṣì ń lo Windows 7, èyí tí Microsoft ti pa tì látọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020. Mo jókòó ti Dókítà, mo sì sọ ìtàn WannaCry, ransomware kan tó jà káàkiri ayé, fún wọn. Oṣù kẹta ọdún 2017 ni Microsoft ti gbé àtúnṣe ihò kan tó wà nínú Windows jáde. Ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ni WannaCry bẹ́, nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, tó sì gba inú ihò kan náà wọ kọ̀ǹpútà ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150. Ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dá aláìsàn padà sílé. Èyí tó pọ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà tó kó o, Windows 7 ni. Nígbà yẹn àtúnṣe wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi sí i. Fún àwọn mẹ́ta tó wà níwájú wa yẹn, kò tilẹ̀ sí àtúnṣe kankan tó ń bọ̀ mọ́. Dókítà dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyẹn ni pé owó antivirus yẹn, kọ̀ǹpútà ló yẹ ká fi rà?" Mo ní èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. A pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ṣí àkáǹtì fún nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, ìyókù owó la wá fi wá antivirus. Windows 10 náà ti dé orí ìlà yìí báyìí o, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni tiẹ̀ pé. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀ fún ọ́fíìsì, kó kọ́kọ́ wádìí bóyá ó lè gbé Windows 11, kí ó tó máa yẹ ara ẹ̀ wò bóyá ó ń dán.

Kẹ́ ẹ má bàa rò pé àwọn ará Èkó nìkan ni mò ń bú, ilé ìwé Òkè-Baálẹ̀ yẹn, ọwọ́ ara mi ni mo fi ba tiwọn jẹ́. Mo gbé router MikroTik fún wọn lọ́dún 2017. Kò wọ́n, kò sówó ìwé àṣẹ ọdọọdún, iná tó ń jẹ kò tó nǹkan, mo sì mọ̀ ọ́n lò. Gbogbo ìdí yẹn ṣì dáa lójú mi dòní. Àmọ́ mo fi ojú ọ̀nà 8291, èyí tí Winbox tí a fi ń tún router náà ṣe ń gbà, sílẹ̀ gbayawu, kí n lè máa tún un ṣe látilé láìwọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Lọ́dún 2018, wọ́n rí àléébù kan nínú Winbox tó ń jẹ́ kí àjèjì rí password kó, MikroTik sì gbé àtúnṣe jáde lóṣù kẹrin ọdún náà. Mi ò fi sí i. Ìdí tí mi ò fi fi sí i ni pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Nígbà tó yá, àwọn tíṣà ní kọ̀ǹpútà ń gbóná bí áyọ́ọ̀nù, fáànù ẹ̀ ń pariwo bí ẹni fẹ́ fò. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá fáírọ́ọ̀sì nínú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò rí nǹkan kan, nítorí pé kò sí níbẹ̀. Router ni wọ́n ti gbà. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣí ojú ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, router yẹn á ti Coinhive, ètò tó ń lo kọ̀ǹpútà láti wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì irú Bitcoin, bọ̀ ọ́ nínú, kọ̀ǹpútà ilé ìwé á sì máa fi iná ilé ìwé wa owó fún ẹnì kan tí a ò mọ̀ rí. Àtúnṣe tó yẹ kí n ti ṣe lóṣù kẹrin kò gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo sọ fún ọ̀gá pé "fáírọ́ọ̀sì ni, mo ti pa á." Ó pẹ́ gan-an kí n tó lè sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè "ta ló máa tọ́jú ẹ̀" fi ń ṣáájú iye owó lẹ́nu mi báyìí, yálà ọjà náà wọ́n tàbí kò wọ́n. Ẹ̀rọ olówó gọbọi tí kò lẹ́ni, àti ẹ̀rọ pọ́ọ́kú tẹ́ni tó ni ín ń sùn, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú olè. Ọlọ́dẹ àdúgbò gan-an, bí wọn ò bá san owó oṣù ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì jí lóru wò ó, ẹ mọ ibi tó máa ń wà láago mẹ́ta.

Àwọn tó ń ta ọjà ààbò, mo ti mọ bí mo ṣe ń gbọ́ tiwọn. Ẹni tó bá fi máàpù pupa bẹ̀rẹ̀, mo máa ń jẹ́ kó sọ tẹnu ẹ̀ tán, n ó wá ní kó fi hàn mí bí n ó ṣe yọ ọjà ẹ̀ kúrò lọ́jọ́ tí mi ò bá fẹ́ mọ́. Ìbéèrè yẹn kì í dùn mọ́ wọn. Mo máa ń bèèrè ọwọ́ ẹni tí password máa wà, bí ìdáhùn bá sì ti gùn ju "ọwọ́ yín" lọ, mo ti ń palẹ̀ mọ́. Mo máa ń bèèrè pé bí dátà bá tán lọ́fíìsì fún ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́, àti pé bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣe àtúnṣe lọ́wọ́ ńkọ́. Ti iná yìí, ẹlòmíì máa ń rò pé mò ń ṣẹ̀fẹ̀. Òṣogbo yìí ni wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà, National Control Centre wà níbí pẹ̀lú wa, síbẹ̀ jẹnẹrétọ̀ la ń bá sùn. Ìṣojú mi ni router kan ṣe kú nígbà tí NEPA mú iná láàárín àtúnṣe. Kò jí mọ́. UPS kékeré, bátìrì tó máa gbé router àti firewall bí iná bá lọ, owó ààbò ni mo máa ń kà á sí, kì í ṣe owó iná.

Nílé ìwòsàn Alékúwodò, èèyàn mẹ́ta ló wá ta antivirus. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ní ìdáhùn sí gbogbo nǹkan. Ẹnì kẹta jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù níbí ní Òṣogbo. Mo bi í pé mélòó ni antivirus ẹ̀ máa jẹ nínú dátà lóṣù kan fún kọ̀ǹpútà márùn-ún. Ó ní, "Mi ò mọ̀, sà. Ẹ jẹ́ n lọ wò ó." Ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, òjò ti pa á lórí ọ̀kadà, ó mú bébà kan jáde nínú ọ̀rá: ó ti fi ọjọ́ méje wọ̀n ọ́n lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó kọ ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ la ti rà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe tiẹ̀ ló pọ́ọ́kú jù.

Kí Dókítà tó fọwọ́ sí i, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan tí mo ṣì ń rò. Wọ́n ti gbọ́ ìròyìn ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024, tí ọkọ̀ òfuurufú ò lè gbéra káàkiri ayé. "Ṣé kì í ṣe ohun ààbò náà ló da ayé rú lọ́jọ́ yẹn?" Òun ni. Àtúnṣe kan tí CrowdStrike, ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà kan, fi ránṣẹ́ ló ní àṣìṣe, ó sì dá Windows tó tó mílíọ̀nù mẹ́jọ àtààbọ̀ dúró gbagidi. Àwọn oníbàárà wọn ò lágbára nígbà náà láti dá irú àtúnṣe yẹn dúró kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára kọ̀ǹpútà kan. Ohun tí a bá fún láyè láti wọ inú kọ̀ǹpútà dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó lè ṣe wá níṣe tó ju ti olè lọ. Mi ò ní oògùn ìyẹn fún Dókítà. Ohun tí a ṣe ni pé ìwé pẹlẹbẹ wà ní tábìlì gbígba aláìsàn, pẹ̀lú báírò méjì, tí wọ́n lè fi gba aláìsàn fún ọjọ́ kan gbáko láìsí kọ̀ǹpútà.

Ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ohun tí a ṣe lẹ́yìn ìjàǹbá yẹn kò lè ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. A ti 3389 pa. VPN tí wọ́n ń pè ní WireGuard, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́, ni akáǹtáǹtì ń gbà wọlé láti Ẹdẹ báyìí. Password router wà lọ́wọ́ mi, ó sì wà nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa nínú sééfù Bàbá Alága, kí ẹgbẹ́ má bàa bá mi kú bí mọ́tò bá gbá mi. Bí wọ́n bá tẹ password email ẹgbẹ́, fóònù á tún bi wọ́n léèrè. Akọ̀wé fi ọ̀sẹ̀ kan bá mi ṣe awuyewuye lórí ẹ̀. Àkáǹtì tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ojoojúmọ́ kò lágbára láti fi nǹkan tuntun sínú kọ̀ǹpútà mọ́. Àwọn Windows tí wọ́n fi crack, ìyẹn ayédèrú kọ́kọ́rọ́, ṣí, a nù wọ́n kúrò, a ra ojúlówó. Ibí yìí lowó lọ sí jù, ibí náà sì ni Bàbá Alága ti bá mi jà jù. Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé ohun àkọ́kọ́ tí crack máa ń ní kéèyàn ṣe ni pé kó pa Defender, ìyẹn antivirus inú Windows. Èwo ni àlejò tó ní kẹ́ ẹ so ajá mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé?

Defender yẹn, tó bá Windows wá lọ́fẹ̀ẹ́, la tàn, òun náà la fi sílẹ̀. Fún kọ̀ǹpútà mẹ́fà, ó tó. Bó bá jẹ́ ọgọ́ta ni wọ́n ní, màá sọ pé kí wọ́n ra èyí tí ẹnì kan lè jókòó sójú kan kó máa fi wo gbogbo wọn, kí wọ́n sì gba ẹni náà síṣẹ́ kí wọ́n tó rà á.

Backup ni mo tẹra mọ́ jù. Ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan wà níta ọ́fíìsì. 3-2-1 ni wọ́n ń pè é. Hard disk kì í so mọ́ server mọ́ àfi nígbà tí wọ́n bá ń da nǹkan sí i, bó bá ti parí, sééfù ló ń lọ. Ẹ̀dà kan ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lálaalẹ́. Fláàṣì Alhájà sì wà láyè ẹ̀, àmọ́ a ti fi password tì í, nítorí bó bá bọ́ nínú ọkọ̀, orúkọ àti owó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló bọ́ sílẹ̀ yẹn. Jímọ̀ tó bá gbẹ̀yìn oṣù, Alhájà á jókòó, wọ́n á dárúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kan bó bá ṣe wá sí wọn lọ́kàn, èmi á sì wá àkọsílẹ̀ ẹni náà jáde látinú ẹ̀dà, lójú wọn. Oṣù àkọ́kọ́, ojú tì mí. Ẹ̀dà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti dúró láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: wọ́n pààrọ̀ password àkáǹtì náà, ẹnikẹ́ni ò sọ fún ẹ̀rọ tó ń da á lọ. Àmì ewé tútù ṣì wà lára ẹ̀ nísàlẹ̀ kọ̀ǹpútà o. Alhájà ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn wo báàgì wọn.

Àpótí firewall náà ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo lè tún un tò kó máa ti ilẹ̀kùn lásán, àmọ́ àtúnṣe inú ẹ̀ kò wọlé mọ́ láìsan dọ́là, àpótí ààbò tí kò sì gba àtúnṣe, ihò míì ló jẹ́. Mo ní ká tà á. Bàbá Alága ní kò sóhun tó jọ ọ́, àwọn ò tíì gbàgbé iye tí wọ́n rà á. A ti yọ iná lára ẹ̀. Akọ̀wé tẹ́ aṣọ funfun kan lé e lórí, fúláàsì tíì Alhájà ló ń gbé orí ẹ̀ báyìí.